Ilé Bébà Tí Kò Ṣeé Ṣí

Bí bàtà kan bá wù yín, tí ẹsẹ̀ yín sì tóbi jù ú lọ, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, kí ẹ béèrè Áńtí Ó-Máa-Rọ̀. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn oníbàárà ló fi í pè é, nítorí pé lójú tirẹ̀, a kò tíì ṣe bàtà tó há ènìyàn lẹ́sẹ̀. Bí ẹ ti ń dìde dúró, kí ẹ máa payín keke, kí omi máa lé ròrò lójú yín, obìnrin náà á kúnlẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ imú bàtà náà wò, á gbójú sókè, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ má ṣèyọnu. Ó máa rọ̀." Ènìyàn á sanwó, á sì tiro lọ sílé. Àwọn mìíràn ń tiro títí di òní.

Ẹ má bá a jà. Iṣẹ́ ni, ọ̀gá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó mọ bí ọ̀rọ̀ dídùn ṣe rọrùn tó ju obìnrin yìí lọ. Ó ti ń pín in fáyé láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wo iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ tó ní, "Háà, ó mà dára o," inú rẹ̀ kì í dùn. Ṣe ló máa ń wo ẹsẹ̀ onítọ̀hún.

Iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni ilé bébà. Páálí bàtà kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá rẹ̀ sì máa ń sọ pé kó kó wọn lọ kó lọ dáná sun wọ́n. Dípò kó sun wọ́n, ó ń gé wọn. Ó fi rúlà onírin, abẹ, gọ́ọ̀mù àti igi ìtayín kọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó kọ́ afárá, ó kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin pẹ̀lú àga ìjókòó àwọn èrò. Gbogbo rẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀yìn nílé tó ń gbé, wọ́n tò sórí ara wọn títí dé àjà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ín.

Ẹ̀gbọ́n yìí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọkọ àbúrò kò kú ní tirẹ̀, ó kàn lọ ni. Ni àwọn méjèèjì bá jọ ń gbé, ẹ̀gbọ́n ń pàṣẹ, àbúrò ń dáhùn, bó ṣe rí láti kékeré. Nọ́ọ̀sì Àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹni tó ti ń sọ fún àwọn ọkùnrin gìrìpá fún ìgbà pípẹ́ pé kí wọ́n yí ìdí padà fún abẹ́rẹ́, kí ló tún kù tó fẹ́ máa tijú sọ?

"Fírísà mi ń bọ̀ lópin oṣù," ló wí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi gbígbóná. "Omi tútù àti yìnyín ni mo fẹ́ máa tà. Yàrá ẹ̀yìn ni màá gbé e sí. Ibẹ̀ nìkan ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dáa wà."

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ mi tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wo? Bàtà tí ò ń tà niṣẹ́. Eré bébà lèyí."

"Kì í ṣe eré. A lẹ́gbẹ́. A máa ń ṣe ìdíje."

"Ó dáa. Kí ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ ń sọ sí tìẹ?"

"Wọ́n ní ó dára."

Nọ́ọ̀sì Àgbà yọ ẹsẹ̀ kan kúrò nínú omi. "Ìwọ náà sọ fún ìyàwó pásítọ̀ pé bàtà ẹ̀ máa rọ̀. Èmi ni mo fi báńdéèjì wé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀." Ó gbé ẹsẹ̀ náà padà. "Gbọ́ mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo rẹ́ ẹ jẹ. Jẹ́ kí ẹnì kan tí kì í ṣe ará ilé yìí wo nǹkan yìí dáadáa, kó sọ ọ̀rọ̀ gidi kan nípa ẹ̀. Kì í ṣe 'ẹ kú iṣẹ́' o. Ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé ó wò ó. Tó o bá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo báyẹn wálé kí fírísà tó dé, mi ò ní dárúkọ yàrá yẹn mọ́ láyé. Tó ò bá rí i mú wá, kó o palẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ lè rò pé nǹkan kékeré ni. Ẹ ò tíì dé ẹgbẹ́ náà ni.

Ẹgbẹ́ Afibébà-Dárà ni orúkọ wọn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń pàdé, nínú yàrá kan tí wọ́n háyà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Fáànù wà lájà yàrá náà, ṣùgbọ́n òfin àkọ́kọ́ nínú ìwé òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan fáànù. Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní títì. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ tàbí tó bá fẹ́ sín gbọ́dọ̀ sáré jáde. Lọ́jọ́ ìdíje kan báyìí ni atẹ́gùn kékeré ráyè wọlé, ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì bébà kan tòun ti ilé aago rẹ̀ kọjá lórí tábìlì, ó sì lọ gbé e gúnlẹ̀ sínú ife tíì akápò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń làágùn.

Òfin tí wọ́n ń pa mọ́ jù kò tilẹ̀ sí nínú ìwé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí àléébù nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ kalẹ̀, gbogbo wọn á rọ̀gbà yí i ká, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á mi orí. "Háà! Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ yín ò ní rọ." Lẹ́yìn náà, wọ́n á jáde lọ síbi ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ibẹ̀ ni òótọ́ ń gbé.

"Ṣé ilé nìyẹn, àbí ẹni tó mutí yó tó fara ti ògiri?"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó lò níbẹ̀ tó lẹ ọkọ̀ ojú omi pọ̀."

Olúkúlùkù gbà pé iṣẹ́ àwọn yòókù nìkan ni wọ́n ń bú níbi ẹ̀rọ omi. Ìgbàkígbà tí Áńtí Ó-Máa-Rọ̀ bá sì yọ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bí omi kò ṣe yọ dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ omi yìí tó láti gba iṣẹ́ púlọ́ńbà. Òun náà á bu omi mu, á sì padà wọlé.

Alága wọn, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ ló kọ́ ní ABD, ó sì ń fi báírò pupa máàkì àkọsílẹ̀ ìpàdé títí di òní. Ó ní ohun kan tó fi ń yangàn: "Kò sí ọwọ́ ìkọ̀wé tí n kò lè dá mọ̀. Ẹ fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ o, ẹ kọ ọ́ nínú òkùnkùn o, tí mo bá ti rí i, màá pe ẹni tó kọ ọ́." Òun náà ló máa ń gba ipò kìíní nínú ìdíje lọ́dọọdún. Ọkọ̀ ojú omi bébà kan ló ní. Lọ́dún yìí ó pupa, lẹ́ẹ̀mìíràn ó dúdú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni, ibi tó ti tẹ̀ nídìí ṣì wà níbẹ̀. Alága ló ń yan àwọn adájọ́. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, áńbọ̀sìbọ́sí ìdí ara ẹni.

Kí inú má baà bí àwọn yòókù, gbogbo ẹni tó bá díje ló ń gba ẹ̀bùn. Dókítà Eyín, tó ń tọ́jú eyín ní òpópónà kejì, máa ń gba Ẹ̀bùn Fèrèsé Tó Gún Jù. Awakọ̀ takisí kan tí ìka ọwọ́ rẹ̀ nípọn bí odó kékeré máa ń gba Ẹ̀bùn Ìlò Gọ́ọ̀mù. Ní ti Áńtí Ó-Máa-Rọ̀, Ẹ̀bùn Ìfaradà ni tirẹ̀. Ó ní ìwé ẹ̀rí ìfaradà débi pé ó ti gé púpọ̀ nínú wọn fi ṣe pákó ilẹ̀ ilé.

Ní ìdíje tó kọjá, wọ́n pe ìyá tó jẹ́ olórí ilé ìkàwé láti wá pín ẹ̀bùn. Ìyá náà pín in tán, ó wo ọkọ̀ ojú omi, ó wo àwọn tó kù, ó sì béèrè tọkàntọkàn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń mọ èyí tó dáa jù?"

Ẹ̀rín gbé awakọ̀ takisí, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín, ó sì sáré jáde.

Ìbéèrè yẹn jẹ Alága lọ́kàn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kéde pé ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe gbọ́dọ̀ máa gba èrò àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ. "Ìdíje wa, kí lẹ rí sí i? Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ síta. Inú mi ò ní bí."

Dókítà Eyín dìde, ó sì nu ojú. "Alága, ìdíje náà dára. Tó bá ṣeé ṣe, kó tún máa dára sí i." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Awakọ̀ ní òun fara mọ́ ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹni tó kàn fara mọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fara mọ́ ara wọn yí yàrá náà ká.

"Ojú ń tì yín ni," ni Alága wí. "Ó dáa. A máa kọ ọ́ sínú bébà, láìfi orúkọ sí i. A máa ṣe àpótí. Kó lẹ́wà, torí Afibébà-Dárà ni wá, a ò lè lo páálí bísíkíìtì. Kó sì le dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i." Ó wo yíká. Iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀bùn nídìí ni, kálukú bá ń wo bàtà ara rẹ̀. "Áńtí, ẹ̀yin lẹ ní ìfaradà."

Inú Áńtí Ó-Máa-Rọ̀ dùn. Ó wò ó pé bí ènìyàn bá kọ̀wé láìfi orúkọ sí i, ẹnì kan á sáà dárúkọ iṣẹ́ òun, ì báà jẹ́ láti bú u. Bí wọ́n bá bú u dáadáa, ìyẹn náà ọ̀rọ̀ gidi ni, yóò gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fírísà kò ní pẹ́ dé.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò ṣe àpótí onígun mẹ́rin. Ilé bàbá wọn ló kọ́, èyí tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà sí, tí katakata wó palẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí fọ́tò tó lè wò. Ohun tó rántí ló gé. Ó fi páálí tó tẹ̀ ní ìlà ìlà ṣe páànù òrùlé, ó fi yẹ̀pẹ̀ pupa díẹ̀ pa á lára kó lè dà bí ìpẹtà. Ó ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú pẹ̀lú òpó, ó ṣe pákó fèrèsé, ó sì dé gbogbo wọn pa nítorí àṣírí. Lábẹ́ téńté òrùlé ló la ojú ihò kékeré sí, níbi tí èrò yóò gbà wọlé. Nígbà tí ó kan gọ́ọ̀mù, ó rántí ohun tí Alága wí, ó lẹ gbogbo oríkèé rẹ̀ ní ìlẹ̀tunlẹ̀. Ó mi ilé náà, kò mì. Ó gbé e dání lódìkejì, kò yẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, obìnrin yìí ro gbogbo nǹkan. Ohun kan ṣoṣo tí kò rò ni bí wọ́n ṣe máa ṣí i.

Lọ́jọ́ tó gbé e wá, wọ́n rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Áńtí," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ yín ò ní rọ." Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò lọ síbi ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ náà. Áńtí ò kíyè sí i.

Alága pín bébà funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, kí wọ́n mú un padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Ẹ kọ ohun tó wà nínú yín. Àṣírí ni." Ó tún wá rẹ́rìn-ín. "Bí mo tilẹ̀ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé gbogbo yín."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ó gbé àga ti ilé bébà náà, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo ẹni tó bá ń bọ̀, kí wọ́n má baà ṣe màgòmágó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkúùkù ni kálukú di mọ́ra. Wọn ò jẹ́ kí ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á tì í bọ inú ihò, wọ́n á sì yára kúrò níbẹ̀. Inú Alága dùn. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun lọ́rọ̀ nínú tó báyìí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni wọ́n pe ìpàdé láti ka èrò. Ìyá olórí ilé ìkàwé wà níbẹ̀, Alága ló pè é kó wá rí i bí ẹgbẹ́ gidi ṣe ń ṣe. Fírísà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé.

"Áńtí, ẹ ṣí i," ni Alága wí.

Áńtí Ó-Máa-Rọ̀ gbé ilé náà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó dorí rẹ̀ kodò, ó wo ìdí rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Kò ṣeé ṣí, sà."

"Báwo ni kò ṣe ṣeé ṣí?"

"Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i."

Alága gbé ilé náà létí, ó mì í. Nǹkan ń dún wìnnìwìnnì nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Dókítà Eyín ní òun ní irinṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì òun tí wọ́n fi ń fa nǹkan jáde láti ibi tó há. Akápò rán wọn létí pé ìwé òfin kò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ fi abẹ kan iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó kéré tán, èrò ti wọlé, gbígbà ni wọ́n ní kí wọ́n gbà á jọ, wọn ò ní kí wọ́n kà á. Ọ̀pọ̀ ló fara mọ́ èyí.

Níkẹyìn, Alága na ọwọ́ sókè. "Ọ̀rọ̀ ńlá lèyí. A ò lè dá a ṣe. Ó yẹ ká gba èrò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jọ lórí bóyá ká gé àpótí yìí tàbí ká má gé e. Láìfi orúkọ sí i. Áńtí, tẹ́ ẹ bá lè bá wa ṣe àpótí kejì..."

Inú bí Áńtí Ó-Máa-Rọ̀. Kì í ṣe díẹ̀. Inú bí i sí Alága, inú bí i sí fáànù tó dákẹ́ sórí wọn, inú bí i sí gbogbo "ẹ kú iṣẹ́" tó ti gbọ́ rí àti gbogbo "ó máa rọ̀" tó ti sọ rí. Ó fa báàgì rẹ̀, ó mú abẹ jáde.

"Àpótí kejì kọ́," ló wí. Ó sì ki abẹ bọ ẹ̀yìn òrùlé.

Gbogbo yàrá mí kanlẹ̀. Awakọ̀ takisí fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Bí abẹ náà ṣe ń lọ lórí páànù tí Áńtí fúnra rẹ̀ tẹ̀ ní ìlà ìlà, ó dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó gé e dé ìpẹ̀kun, ó sì ṣí òrùlé kúrò.

Wọ́n tẹ orí síwájú. Kò sí ìwé níbẹ̀.

Àga ló wà níbẹ̀, àga onígbọ̀nwọ́, tí kò ju èékánná lọ. Tábìlì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀dì wà, wọ́n lẹ ìrọ̀rí mọ́ orí rẹ̀. Àkàbà wà, ìgbálẹ̀ wà, ẹni tó ṣe é ti gé e wẹ́wẹ́ bí irun. Bàtà kan wà níbẹ̀, ọ̀tún àti òsì, tó kéré débi pé Áńtí ní láti fi igi ìtayín gbé e. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀rù ló ba kálukú láti kọ̀wé, nítorí Alága tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé gbogbo ayé. Ẹ sì wá fún irú àwọn ènìyàn yìí ní bébà funfun kí wọ́n gbé e sílé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan láìkọ nǹkan sí i. Wọ́n ti rí ilé. Ilé náà ò lẹ́rù nínú.

Ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bébà kan ṣoṣo wà tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ìyá olórí ilé ìkàwé mú un, ó kà á sókè: "Ìdíje náà dára púpọ̀. Alága ń gbìyànjú gidigidi. Ẹ má ṣe yí ohunkóhun padà."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì kọ ọ́, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ènìyàn bá ti máàkì ìwé rẹ̀ láti kékeré, òun náà á mọ ọwọ́ ìkọ̀wé olùkọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn méjì kàn sáré jáde lọ sín.

"Ta ló ṣe bàtà yìí?" ni Áńtí Ó-Máa-Rọ̀ béèrè.

Dókítà Eyín ń wo àjà. Awakọ̀ takisí ti ki ìka rẹ̀ tó nípọn bọ àpò.

Alága ti fi báírò pupa kọ ọ́ sílẹ̀: wọ́n gba èrò jọ, gbogbo èrò tí wọ́n kà ló sì fara mọ́ ìdíje náà bó ṣe wà. Ní ti àwọn ẹrù bébà wọ̀nyẹn, ó ní wọn kì í ṣe èrò, nítorí pé wọn ò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ìpàdé túká.

Áńtí gbé ilé náà lọ sílé láìní òrùlé, ó fi aṣọ bò ó kí atẹ́gùn má baà kó ẹrù inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bẹ ní pálọ̀.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì Àgbà wí, ó sì na ọwọ́ ṣí aṣọ náà.

Ó wá awò ojú rẹ̀, ó fi sójú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ilé náà bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ egbò, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo pákó fèrèsé, ó fi ìka kan ìpẹtà tó wà ní etí òrùlé tó ṣẹ́ kù. Ó pẹ́.

"Òpó yìí pọ̀ jù," ló wí. "Mẹ́rin ni. O ṣe márùn-ún."

"Márùn-ún ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mẹ́rin! Èyí tó wà nígun ti wó kí wọ́n tó bí ẹ. Àwọn àgbà ló sọ ìtàn ẹ̀ fún ẹ tó o wá rò pé o rí i. Fèrèsé yàrá wa ńkọ́? Kò ga báyìí. Mo máa ń gbé ẹ sórí ẹ̀ kó o lè máa wo ọ̀nà, mi ò sì ga nígbà yẹn." Ó ti ki ọwọ́ bọ inú ilé náà. Ó fi ìka méjì gbé àga onígbọ̀nwọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ tó ti wá iṣan ní apá àwọn ìkókó kò sì gbọ̀n rárá. Ó gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó gbé e sídìí fèrèsé iwájú, ó yí ojú rẹ̀ síta. "Ibí ni Bàbá máa ń jókòó sí. Kí ló gbé àga wọn dé àárín ilé?"

"Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀."

"Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ò mọ Bàbá nìyẹn."

Wọ́n jiyàn lórí òpó títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Gbogbo ayé Áńtí Ó-Máa-Rọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì bú iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn. Ẹni tí kì í ṣe ará ilé ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ará ilé ló sì sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kò dárúkọ yàrá, àbúrò náà kò dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó afárá, ibùdókọ̀ àti ilé ìfìwéránṣẹ́ padà sínú páálí bàtà tí wọ́n ti jáde wá.

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn agbérù gbé fírísà dé. Ọkùnrin méjì ni, òógùn ti bò wọ́n. Áńtí Ó-Máa-Rọ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, páálí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sún sẹ́yìn kí wọ́n lè ráyè kọjá. Èyí tó síwájú ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

"Níbo lẹ ń gbé e lọ yẹn?" ni Nọ́ọ̀sì Àgbà kígbe láti pálọ̀.

"Yàrá ẹ̀yìn, Màmá. Ẹ ní ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dáa wà."

"Ẹ gbé e padà síbí. Ẹ má jẹ́ kó kan nǹkan kan níbẹ̀ o. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn."